Òrùlé táńkì epo tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: ṣé dóòmù àlùmíníọ̀mù ló kàn?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni mo ti ń kọ̀wé. Bàbá wa tó dolóògbé fi ibùdó ìpamọ́ epo kan sílẹ̀ fún wa ní etí omi ní Èkó. Táńkì méjì tó tóbi jù níbẹ̀ ní òrùlé tó ń léfòó lórí epo. Ọ̀kan ń gba pẹtiróòlù, èkejì ń gba dísù. Mítà 40 ni fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan láti etí dé etí. Nígbà òjò tó kọjá, omi kún orí òrùlé táńkì pẹtiróòlù, ó sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n fa omi náà, òrùlé padà sípò, ṣùgbọ́n ọkàn wa kò balẹ̀ mọ́. Kọngílá kan ní ká fi dóòmù àlùmíníọ̀mù bo táńkì méjèèjì, pé gbogbo ìṣòro á tán. Àbúrò mi ọkùnrin ní òrùlé tuntun ni ká rà. Owó ọwọ́ wa kò lè ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdílé fẹ́ ṣèpàdé nílé níbí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ní kí n wá sọ ohun tó yẹ. Èmi kì í ṣe ẹnjiníà. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrójú o, arábìnrin mi. Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mo wà báyìí, ṣùgbọ́n ìdí táńkì epo ní etí òkun ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ iṣẹ́ mi, ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé wá yìí sì ká mi lára. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún yín ní èyí tí ẹ máa mú lọ sípàdé, ká tó wá tú u palẹ̀.

Dóòmù dára, mo sì fẹ́ kí ẹ ní in lórí táńkì pẹtiróòlù yẹn lọ́jọ́ iwájú. Àmọ́ òun kọ́ ló kàn. Ohun tó kàn ni kí wọ́n fa epo inú táńkì náà kúrò, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n ṣí gbogbo pọ́ntúùnù rẹ̀ (àwọn yàrá afẹ́fẹ́ tó ń mú òrùlé léfòó) wò, kí wọ́n wọn ara táńkì bóyá ó ṣì rí róbótó, kí wọ́n sì tún òrùlé ṣe tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ bí àyẹ̀wò bá ṣe wí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ dóòmù. Ti táńkì dísù, ẹ má tíì ná kọ́bọ̀ lé e. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ohun tó ń ti òkè bọ̀ ni dóòmù ń gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀: òjò, atẹ́gùn, àti mànàmáná dé ìwọ̀n kan. Àìsàn tó bá wà lára òrùlé fúnra rẹ̀ kò ní lọ. Abẹ́ dóòmù ló máa wà, níbi tí ojú kò ti ní tètè rí i mọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí iṣẹ́ tí òrùlé yìí ń ṣe. Ẹ rántí igbá tó máa ń léfòó nínú àmù omi: omi lọ sókè, igbá bá a lọ, omi wálẹ̀, igbá bá a wálẹ̀. Bí òrùlé yín ṣe wà lórí epo nìyẹn. Kò gbára lé ara táńkì rárá. Pẹtiróòlù kì í jókòó jẹ́ẹ́. Bí àyè bá wà láàárín òun àti òrùlé, oru rẹ̀ ló máa kún ibẹ̀. Nígbà tí oru náà bá wà láàárín ìdá 1.4 sí 7.6 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ìṣáná kékeré kan tó láti fọ́ táńkì náà yángá. Òrùlé tó sùn lé epo kò fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, owó yín kì í sì í bá atẹ́gùn lọ. Láti bí ọdún 1923 ni ilé iṣẹ́ Chicago Bridge & Iron ti ń kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ìdí yẹn náà ni wọ́n fi kọ́ ọ. Dísù ní tirẹ̀ kì í fò lọ bẹ́ẹ̀ nínú ooru ilẹ̀ wa, ìyẹn ni mo ṣe ní kí ẹ fi táńkì tirẹ̀ sílẹ̀ ná. Omi òjò lè kó bá dísù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n síìlì tó dára (ohun tí wọ́n fi ń dí etí òrùlé) àti fífa omi ìsàlẹ̀ táńkì déédéé ti tó fún un báyìí.

Ní etí òrùlé yín yíká ni pọ́ntúùnù wà, àwọn yàrá irin tó ṣófo tí a dé pa, tí ọ̀kan kò gbọdọ̀ já sí èkejì. Afẹ́fẹ́ inú wọn ló gbé gbogbo ẹrù náà dúró. Àárín òrùlé jẹ́ irin pẹlẹbẹ kan ṣoṣo, tí kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju mílímítà 5 lọ. Àlàfo wà láàárín òrùlé àti ara táńkì, ó sábà máa ń tó 200 mílímítà, síìlì ni wọ́n fi dí i. Òpó kan dúró láti ìsàlẹ̀ dé òkè tí kì í jẹ́ kí òrùlé yí po. Ẹsẹ̀ irin wà lábẹ́ rẹ̀ tó máa fi dúró bí epo bá fẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ni páìpù tàbí rọ́bà kan tó gba inú epo kọjá, tó ń gbé omi òjò láti àárín òrùlé jáde sí fáàfù kan níta nísàlẹ̀ táńkì. Ẹ fi ọkàn sí rọ́bà àti fáàfù yìí, mo ń padà bọ̀ sórí wọn.

Ẹ wá gbọ́ bí omi òjò ṣe wúwo tó. Òjò mílímítà kan, lórí ibi tó jẹ́ mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó, lítà kan ni. Òrùlé tó fẹ̀ ní mítà 40 jẹ́ nǹkan bí 1,257 irú ibẹ̀. Òjò 50 mílímítà, irú èyí tó lè rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo ní Ifẹ̀ tàbí Iléṣà nínú oṣù kẹfà tàbí oṣù kẹsàn-án, á da bíi 63,000 lítà sórí rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ọkọ̀ táńkà onílítà 33,000 méjì. Tọ́ọ̀nù 63 nìyẹn lórí irin tó nípọn tó mílímítà 5, láàárín wákàtí mélòó kan.

Àwọn tó ṣòfin táńkì mọ èyí. Ìlànà API 650 ti American Petroleum Institute, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ epo ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ jù lọ táńkì wa tẹ̀ lé, ní kí irú òrùlé yìí lè léfòó bí òjò 250 mílímítà bá rọ̀ láàárín wákàtí 24 tí ojú ìṣàn omi sì dí pátápátá. Fún táńkì tiyín, tọ́ọ̀nù 314 omi ni. Ìlànà náà tún ní kó lè léfòó bí irin àárín bá lu tí pọ́ntúùnù méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn náà sì lu. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró wò nìyí: ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣírò méjèèjì. Kò síbi tí ó ti ṣèlérí pé òrùlé á léfòó bí òjò ńlá ti wà lórí rẹ̀ tí pọ́ntúùnù sì tún ti lu. Nínú táńkì tó ti gbó, àwọn méjèèjì yẹn gan-an ló máa ń pàdé ara wọn.

Ìdí tí mo fi ń fura sí òrùlé yín nìyẹn. Òjò nìkan kì í sábà mú òrùlé tó yè fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí omi bá kún orí òrùlé tó yè, àárín rẹ̀ ló máa tẹ̀ wọlé, etí rẹ̀ á ṣì dúró déédéé. Bó bá fì, ó ní láti jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ti wúwo ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, tàbí pé ẹ̀gbẹ́ kan há mọ́ ara táńkì nígbà tí èkejì ń lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ibùdó náà pé ẹ̀gbẹ́ wo ló lọ sísàlẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà sí òpó, ẹ kọ́kọ́ wo pọ́ntúùnù ibẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀kánkán ibi tí síìlì ti ń ha ara táńkì, ẹ wo bóyá táńkì ṣì rí róbótó. Ilẹ̀ etí omi rọ̀. Bí ìdí táńkì bá rì ju síbì kan lọ, orí rẹ̀ lókè kì í rí róbótó mọ́, á gùn síwá sẹ́yìn bí ẹyin, òrùlé á sì máa há níbi tó bá ti fún.

Mo ti ṣí pọ́ntúùnù rí tí ìwé àyẹ̀wò sọ pé ara rẹ̀ le. Ìdérí rẹ̀ kò ní bóòtù kankan mọ́, wọ́n kàn gbé e lé e ni, òjò sì ń gbabẹ̀ wọlé. Ẹ̀rọ tó ń wọn oru epo ti ń ké kí a tó gbé ìdérí kúrò tán. Nígbà tí a tan iná tọ́ọ̀ṣì aláìléwu sínú rẹ̀, ìlà kan wà lára irin yíká, tó dọ́gba bíi pé wọ́n fi rúlà fà á: lókè ìlà náà, ìdógùn-ún pupa, nísàlẹ̀ rẹ̀, dúdú tó ń dán. Ibi tí epo ti ń dé nínú yàrá tó yẹ kó ṣófo nìyẹn. Irin ìsàlẹ̀ ti fẹ́ níbi tí ẹsẹ̀ òrùlé ti gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹni tó kọ ìwé àyẹ̀wò yẹn dúró lórí àtẹ̀gùn, ó wolẹ̀, ó rí i pé òrùlé léfòó, ó bá fọwọ́ sí i. Nítorí náà, bí wọ́n bá fún yín ní ìwé tó ní "gbogbo rẹ̀ dára", ẹ béèrè àwòrán inú pọ́ntúùnù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Ọmọ Òṣómàáló ni yín. Ẹ̀yin lẹ mọ bí a ṣe ń jókòó ti ẹni tó jẹ wá ní gbèsè títí á fi san án.

Mo ní mo ń padà bọ̀ sórí rọ́bà àti fáàfù. Ní ọ̀pọ̀ ibùdó, fáàfù ìta yẹn kì í ṣí. Rọ́bà inú epo ti lu, bí wọ́n bá ṣí fáàfù, pẹtiróòlù ló máa bá omi jáde sílẹ̀, wọ́n sì ti rí i pé ó rọrùn láti tì í pa ju kí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà lọ. Bí òjò bá wá rọ̀ lóru, orí òrùlé ni gbogbo rẹ̀ máa jókòó sí títí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ á fi dé láàárọ̀. Ẹ wádìí èyí kí ẹ tó wádìí ohunkóhun nípa dóòmù. Ó lè jẹ́ òun gan-an ló fa ọ̀rọ̀ tiyín.

Òjò kò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ní Norco, ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹfà ọdún 2001, òjò ìjì Allison mú apá kan òrùlé táńkì pẹtiróòlù kan tó fẹ̀ tó mítà 82 rì. Epo hàn síta, àrá sán, táńkì náà gbiná. Wákàtí mẹ́tàlá ló jó kí wọ́n tó pa á. Nígbà tí ìjì Harvey dé Texas lọ́dún 2017, òrùlé tó léfòó tó ju mẹ́wàá lọ ló rì tàbí tó bàjẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ tó lówó lọ́wọ́ jù wá lọ. Atẹ́gùn náà ní ìwà tirẹ̀: ó máa ń mi irin pẹlẹbẹ àárín sókè sódò títí ojú ibi tí wọ́n ti jó irin náà pọ̀ á fi sán. Ní Milford Haven ní ilẹ̀ Wales, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 1983, irú ojú sísán bẹ́ẹ̀ ti wà lórí òrùlé táńkì epo rọ̀bì tó fẹ̀ ní mítà 78, epo ti ń yọ sókè, iná sì ràn án.

Ibi tí dóòmù ti wúlò wá nìyí, mi ò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Àwọn ọ̀pá àlùmíníọ̀mù ni, tí wọ́n so ní onígun mẹ́ta mẹ́ta, pẹ̀lú páálí àlùmíníọ̀mù tó nípọn tó mílímítà 1.2 tí wọ́n fi bò wọ́n. Ìwọ̀n àlùmíníọ̀mù jẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti irin, kì í dógùn-ún bí irin, kò sì nílò ọ̀dà. Kò ní òpó kankan láàárín, ìdí nìyẹn tí òrùlé fi lè máa lọ sókè sódò lábẹ́ rẹ̀ láìkọlu ohunkóhun. Ní 1953, nígbà tí ilé iṣẹ́ Ford fẹ́ bo gbọ̀ngàn róbótó rẹ̀ ní Dearborn, tí ilé náà kò sì lè gbé òrùlé irin, dóòmù àlùmíníọ̀mù tí Buckminster Fuller ṣe ni wọ́n gbé lé e. Ọ̀ràn táńkì yín kò yàtọ̀: ara táńkì tí a kò kọ́ láti gbé nǹkan lórí ni a fẹ́ gbé nǹkan lé.

Bí ó bá ti wà lórí, òjò kò kan òrùlé yín mọ́. Wọ́n lè yọ rọ́bà ìṣàn omi yẹn pátápátá kí wọ́n sì dí ojú rẹ̀, ibi kan tí epo lè gbà jò á dín kù. Omi kò ní máa gba etí síìlì wọ inú pẹtiróòlù. Atẹ́gùn kò ní mi irin àárín mọ́. Àrá tó bá sán, ara dóòmù ló máa kọ́kọ́ bà, kì í ṣe etí síìlì tí oru epo wà, bí wọ́n bá fi wáyà so dóòmù mọ́ ara táńkì dáadáa. Iná etí síìlì ló pọ̀ jù nínú iná tó ń jó irú táńkì yìí, mànàmáná ló sì ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, nítorí náà èrè kékeré kọ́ nìyẹn.

Ti epo tó ń bá atẹ́gùn lọ, kọngílá yín á ti sọ fún yín pé dóòmù á dá owó rẹ̀ padà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ gbé èyí yẹ̀ wò. American Petroleum Institute yẹn àti EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àyíká, ní ìṣirò kan náà fún ohun tó ń sọnù ní etí òrùlé. Ẹ jẹ́ ká lò ó fún atẹ́gùn tó ń fẹ́ ní máìlì márùn-ún láàárín wákàtí kan, tí kò le rárá ní etí òkun. Síìlì onírin tó dá wà máa gba máàkì 14.6, bí máàkì bá ṣe pọ̀ tó ni epo tó ń lọ ṣe pọ̀ tó. Ẹ fi dóòmù bò ó kí atẹ́gùn má dé ibẹ̀ mọ́, ó já sí 5.8. Ẹ má ra dóòmù rárá, ẹ kàn fi síìlì kejì lé ti àkọ́kọ́ lórí, ó já sí 2.6. Ẹ ṣe méjèèjì, ó já sí 0.6. Ẹ rí i pé síìlì kejì, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti dóòmù, ló kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni òpó: bó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n lu ihò sí lára kí wọ́n lè máa wọn epo nínú rẹ̀, tí kò sì ní rọ́bà ìdérí àti fúlótì (ohun tó ń léfòó nínú òpó láti dí i), ohun tó ń sọnù níbẹ̀ nínú atẹ́gùn yẹn tó ìlọ́po 37 ohun tí ì bá sọnù bí atẹ́gùn kò bá dé ibẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè irú òpó tí tiyín jẹ́.

Nísinsìnyí, ohun tí dóòmù ń mú wá tí ẹni tó ń tà á kì í sábà sọ.

Àkọ́kọ́ ni afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀. Oru epo tó bá yọ kò ní rí atẹ́gùn tó máa gbé e lọ bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà fèrèsé afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wà yíká etí táńkì lókè. Ìlànà ní kí àyè wọn lápapọ̀ tó 0.06 mítà onígun mẹ́rin fún mítà kọ̀ọ̀kan tí táńkì fi fẹ̀, kí ọ̀kan má sì jìnnà sí èkejì ju mítà 10 lọ. Fún tiyín, mítà onígun mẹ́rin 2.4 ni, fèrèsé kò sì gbọdọ̀ dín ní 13. Ẹ ka iye tó wà nínú àwòrán kọngílá náà. Ọmọ ilé ìwé lè kà á, ó sì máa ń fi ẹni tó mọṣẹ́ hàn.

Èkejì ni àwọn òṣìṣẹ́ yín. Lónìí, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ sórí òrùlé bó ṣe wù wọ́n, èyí tí kò dára tẹ́lẹ̀ náà. Lábẹ́ dóòmù, ibẹ̀ di ibi ìhámọ́ gidi. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọlé láìwọn oru, láìgba ìwé àṣẹ, láìfi ẹnì kejì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí pé ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ni, àṣà àtijọ́ kì í sì í tètè kúrò lára.

Ẹ̀kẹta ni àyè òkè. Dóòmù tó fẹ̀ ní mítà 40, bí wọ́n bá ṣe é ní ìwọ̀n tó wọ́pọ̀, lè ga ní bíi mítà 5.4 láàárín, ṣùgbọ́n ní etí, kò ga rárá. Etí yẹn sì ni síìlì kejì, orí òpó àti àtẹ̀gùn onítáyà tí wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀ sórí òrùlé wà. Bí wọn kò bá gé wọn tàbí tún wọn ṣe, òrùlé á gòkè lọ fi wọ́n kọlu dóòmù. Nítorí náà, gíga tí ẹ lè kún epo dé lè dín kù. Ẹ béèrè iye lítà tí ẹ máa pàdánù, kí wọ́n sì tún àmì ìkìlọ̀ epo kíkún ṣètò. Lábẹ́ dóòmù, òṣìṣẹ́ kò lè dúró lórí àtẹ̀gùn kó fojú rí ibi tí òrùlé dé mọ́. Ẹ̀rọ ló máa sọ fún un. Ní Buncefield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 2005, ẹ̀rọ tó ń wọn epo há lójú kan, pẹtiróòlù sì ń wọlé lọ títí ó fi ṣàn jáde lórí táńkì tó ní òrùlé léfòó nínú, ju 250,000 lítà lọ. Ìbúgbàù rẹ̀ ba ibùdó náà jẹ́. Nítorí náà, ẹ̀rọ ìwọ̀n méjì tí kò gbára lé ara wọn ni kí ẹ fi síbẹ̀.

Ti iná: àlùmíníọ̀mù máa ń yọ́ ní bíi 660 lórí ìwọ̀n Celsius, irin ju 1,400 lọ. Bí gbogbo ojú epo bá gbiná, dóòmù á já wálẹ̀ sínú rẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, panápaná kò lè dúró nílẹ̀ kó ju fóòmù (ìfófòó tí wọ́n fi ń pa iná epo) gba òkè wọlé mọ́. Páìpù fóòmù tó wà lára táńkì títí ni ẹ máa gbọ́kàn lé, kí wọ́n sì dán an wò.

Ẹ tún wo bí dóòmù ṣe máa jókòó. Àlùmíníọ̀mù ń fẹ̀ nínú oòrùn ní ìlọ́po méjì ti irin. Bí ooru bá fi 30 lórí ìwọ̀n Celsius lọ sókè, ìyàtọ̀ láàárín òun àti táńkì yín á tó mílímítà 13 láti etí dé etí. Bí wọ́n bá dè é mọ́ ara táńkì gbọin, ara táńkì ló máa jìyà rẹ̀. Nítorí ìyẹn ni ẹsẹ̀ dóòmù fi ń jókòó lórí Teflon, irú ike kan, kó lè máa yọ̀, tí òrùka kan sì ń di gbogbo etí rẹ̀ mú kó má ti ara táńkì síta. Kò tún gbọdọ̀ fara kan irin láìsí ohun tó là wọ́n láàárín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ afẹ́fẹ́ iyọ̀ òkun á jẹ wọ́n. Teflon yìí náà ló fà á tí wáyà tí mo mẹ́nu bà fún mànàmáná fi pọn dandan, torí iná kò lè gba ara rẹ̀ kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ọ̀rọ̀ àbúrò yín. Ó sọ òótọ́ pé òrùlé lè nílò pípààrọ̀. Bí ìdá tó pọ̀ nínú pọ́ntúùnù bá ti jẹ, títún un ṣe kò lérè. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé irú òrùlé wo. Àwọn kan wà tí wọ́n fi àlùmíníọ̀mù fúyẹ́fúyẹ́ ṣe, owó wọn rọ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ń tò wọ́n. Abẹ́ ohun tó bò wọ́n ni wọ́n ṣe wọ́n fún. A kò kọ́ wọn láti gbé òjò. Bí ẹ bá ra irú rẹ̀ lọ́dún yìí pẹ̀lú èrò pé dóòmù á tẹ̀ lé e lọ́dún tó ń bọ̀, òjò àkọ́kọ́ lè rì í. Nítorí náà, ọ̀nà méjì péré ló wà. Bí owó bá tó fún dóòmù àti òrùlé fúyẹ́ papọ̀ lórí táńkì pẹtiróòlù nìkan, ẹ ṣe wọ́n papọ̀, òun ni mo fara mọ́ jù bí òrùlé irin bá ti kú. Bí kò bá tó, ẹ tún ti irin tó wà ṣe tàbí kí ẹ ra ti irin tuntun tó lè gbé òjò, pẹ̀lú rọ́bà ìṣàn omi tuntun àti síìlì méjì, kí dóòmù dúró dé ìgbà tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi owó táńkì dísù kún un. Òun ni yóò jẹ́ kí ọ̀nà àkọ́kọ́ ṣeé ṣe.

Ẹ̀rùn ni kí iṣẹ́ náà bọ́ sí, láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta. Bóòtù ni wọ́n fi ń to dóòmù fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa jókòó lé lára táńkì sábà máa ń gba jíjó irin, wẹ́dà kò sì gbọdọ̀ tan iná nítòsí táńkì tí a kò tíì fọ̀ tí a kò sì tíì wọn oru inú rẹ̀. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ NMDPRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ibùdó epo, kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Níwọ̀n bí táńkì ti máa ṣófo fún àyẹ̀wò pọ́ntúùnù, ìgbà yẹn ni kí wọ́n jó ẹsẹ̀ dóòmù mọ́ ọn, kódà bí dóòmù kò bá tíì dé, kí ẹ má baà tún fọ táńkì lẹ́ẹ̀kejì.

Òjò ọdún yìí ṣì máa bá òrùlé àtijọ́ nílé o, nítorí náà ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ọ̀gá ibùdó lónìí. Kí ó dán rọ́bà ìṣàn omi wò lọ́sẹ̀ yìí. Bó bá jò, kí ó gba owó láti pààrọ̀ rẹ̀ kíá. Bí ó bá yè, kí ẹnì kan wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru tí kọ́kọ́rọ́ fáàfù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà òjò. Kí wọ́n má jẹ́ kí epo inú táńkì lọ sílẹ̀ débi tí ẹsẹ̀ òrùlé á fi kanlẹ̀. Bí òrùlé bá sì tún fì, kí wọ́n dá epo tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀ kalẹ̀ sórí rẹ̀, kí wọ́n gba omi náà jáde láti fáàfù ìta, kí wọ́n sì pe panápaná wá dúró ti fóòmù kí epo tó hàn síta. Nọ́ńbà fóònù wọn, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn ẹ̀ṣọ́.